Bí Mo Ṣe Padà Sínú Bàálù Lọ́jọ́ Tí Rukayat Fẹ́ Bímọ

Kùrukùru bo gbogbo Chatham, àdúgbò tí mo ń gbé, láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo ṣí kọ́tìnì, mi ò rí ilé tó wà ní òdìkejì títì wa. Iná mọ́tò tó ń kọjá dà bí àtùpà tí wọ́n da aṣọ bò. Òtútù ibẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n irú èyí tó máa ń wọ eegun àgbàlagbà ni. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ọjọ́ náà fún yín.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà tán ni fóònù dún. Rukayat ni, àbíkẹ́yìn mi tó ń gbé ní St. Louis. Oyún inú rẹ̀ ti tó bí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni dókítà ti sọ pé àwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ gbé ọmọ náà, mo sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì réluwéè sílẹ̀. Àfi bó ṣe ní BP òun ti lọ sókè, pé ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n máa ṣe é!

Ó ní, "Màámi, ẹ̀rù ń bà mí. Mo fẹ́ di ọwọ́ yín mú kí wọ́n tó gbé mi wọlé."

Ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ o, ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin obìnrin, ṣé ẹ̀rù gbogbo ni ọwọ́ ọkọ lè lé?

Ẹ wò ó, èrò réluwéè ni mí. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún ọ̀nà irin tó lọ sí St. Louis ṣe, tí réluwéè náà wá ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, mo ti pa bàálù tì. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Nínú réluwéè, màá gbé cooler mi, ẹ̀gúsí inú rẹ̀ á dì gbagidi, ẹnikẹ́ni ò ní bi mí pé kí ni mo gbé. Wọn ò ní ní kí n bọ́ bàtà. Màá na ẹsẹ̀ mi, màá máa wo oko àgbàdo títí. Gbogbo àwa ìyá tí a jọ ń kírun, tí a máa ń lọ bá àwọn ọmọ wa tọ́jú ọmọ ní ọ̀nà ibẹ̀ yẹn, réluwéè la ń wọ̀.

Ṣùgbọ́n réluwéè àárọ̀ yẹn ti lọ. Èyí tó kàn, kó tó débẹ̀, wọn á ti gbé ọmọ mi wọ theatre, wọn á ti gbé e jáde.

Ganiyu ọmọ mi ọkùnrin, tó ń gbé ní Olympia Fields, ló wá fi mọ́tò gbé mi. Kò tíì wọlé tó ti ń pariwo. "Màámi, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé cooler."

Mo ní, "Kí ni kí n wá gbé lọ fún ìyá ọlọ́mọ?"

"Ara yín, Màámi. Ẹ sáà gbé ara yín."

Mo gbé báàgì kan. Ẹ má bi mí ohun tó wà nínú rẹ̀, ó ṣáà wúwo.

A dé pápá ọkọ̀ òfúrufú, ni obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bá ti àga onítáyà wá síwájú mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Denise lorúkọ rẹ̀. Mo wẹ̀yìn. Ó dá mi lójú pé aláìsàn kan ló ń wá. Àṣé èmi ni! Ganiyu ló ti tẹ wheelchair mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì mi.

"Ganiyu! Ta ló yarọ?"

"Màámi, gbogbo àwọn ìyá wa ló ń gbà á. Ẹni tó lè jó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó bá ti dé airport, orúnkún á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Kí wọ́n má baà tò ni."

Mo ní èmi á tò ní tèmi. Ọjọ́ tí ọmọ mi ń lọ sábẹ́ ọ̀bẹ, ṣé ọjọ́ yẹn ni kí n lọ fi ìdí ara mi jókòó lórí àga aláìsàn? Àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ganiyu kò lè bá wa wọ inú, ló bá dágbére. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn, Denise ń ti àga òfìfo tẹ̀lé mi.

Èrò tò, ó lọ, ó ká kò bí ejò. A sún díẹ̀, a dúró. Mo wo aago, mo wo orúnkún mi. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé bàálù kì í lọ́ra lójú ọ̀run rárá. Ilẹ̀ ni wọ́n ti ń fi àkókò ẹni ṣòfò!

Denise na ọwọ́ gba báàgì mi, ó gbé e sórí àga. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tì í, báàgì ń lọ wẹ́rẹ́, èmi tí mo ni ín ń wọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Ó bojú wẹ̀yìn, ó sọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́ yé: pé báàgì yìí máa dé St. Louis ṣáájú mi. Ẹ̀rín pa mí! Mo wá rò ó pé òótọ́ mà ni. Ṣé báàgì ni Rukayat máa dì mú?

Mo gbé báàgì kúrò, mo jókòó, mo gbé e lé itan. Mo sọ fún Ọlọ́run pé báàgì ló ni àga o, èmi kàn bá a jókòó ni. Ọlọ́run gbọ́ Yorùbá.

Ẹnu ọ̀nà mìíràn ni Denise gbà. Kíá la ti dé ibi tí a ti máa wọ bàálù. Àyà mi tún já: kùrukùru ò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbéra. Mo yọ tẹ̀súbáà mi.

Obìnrin kan láti ilé iṣẹ́ bàálù náà ń lọ láti orí àga kan dé òmíràn, ó ń bi èrò pé kí ló dé tí wọ́n fi ń sá lọ sínú réluwéè. Ó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì tí mo ní sọ ti ẹrù mi, ti bàtà, ti títò. Ó ní ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ fún òun náà nìyẹn. Ó ní bọ́ọ̀sì wọn máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Tinley Park, ní ẹ̀yìn ìlú wa, wá sí pápá ọkọ̀ òfúrufú láìpẹ́, pé ibẹ̀ ni wọ́n á ti gba ẹrù lọ́wọ́ ẹni, ó di St. Louis kí a tó tún rí i. Àti pé tí ojú ọjọ́ bá dí bàálù lọ́wọ́, tíkẹ́ẹ̀tì kan náà á gbé èèyàn wọ réluwéè. Ẹ gbọ́ nǹkan! Wọn ò kúkú bá réluwéè jà, wọ́n fẹ́ bá a rìn.

A ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí oòrùn fi yọ. Wọ́n pè wá. Bàálù gbéra, mi ò tíì ka tẹ̀súbáà yípo ẹ̀ẹ̀mejì tí wọ́n fi ní kí a de bẹ́líìtì fún bíbalẹ̀!

Mo wọ takisí dé ọsibítù, mo bá Rukayat lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti dé fìlà theatre fún un. Ó kàn na ọwọ́. Mo dì í mú títí dé ẹnu ilẹ̀kùn, mo ń ṣàdúà sí i létí. Ká tó kírun alaásárì, ọmọbìnrin ti dé, igbe rẹ̀ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Alhamdulillahi!

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé a ò gbọ́dọ̀ tìtorí ohun tó bí wa nínú lánàá ti ilẹ̀kùn pa pátápátá. Réluwéè dára, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn oníbàálù bá tún ti ilẹ̀ ṣe, tí wọ́n ṣàánú ẹsẹ̀ àgbà àti ẹrù rẹ̀, a ó padà wá. Ẹ̀yin ńkọ́? Èwo lẹ ń wọ̀ lọ bá àwọn ọmọ yín? Ẹ kọ tiyín sábẹ́ ibí, mo máa ń ka gbogbo rẹ̀, bí ò tilẹ̀ yá.

Lọ́jọ́ kejì, Ganiyu pè, ó ní ọjọ́ wo ni kí òun ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ mi sí. Ọmọ yìí! Ta ló ń dá ọjọ́ ìpadàbọ̀ nígbà tí ìyá ọlọ́mọ ò tíì dìde? Mo fúnra mi pe ilé iṣẹ́ bàálù náà, mo bi wọ́n bóyá wọ́n ní tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ní ọjọ́. Ọkùnrin tó gbé fóònù ní kí n dúró, kí òun wò ó. Mo fi fóònù sórí tábìlì kó máa kọrin rẹ̀ lọ, mo lọ fọ ọwọ́ mi, mo sì gba ọmọ-ọmọ mi mọ́ra.