Omi Tí Mò Ń Dì, Tí N Kò Gbọdọ̀ Mu

Nígbà yẹn, kí n tó lè kí aládùúgbò káàárọ̀, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ já ahọ́n mi kúrò lára àjà ẹnu ná. Jẹjẹrẹ ló yọ kókó sí mi lábẹ́ àgbọ̀n. Wọ́n fi ẹ̀rọ onítànṣán jó o títí ó fi lọ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àmọ́ itọ́ ẹnu mi bá a lọ. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa mu omi díẹ̀díẹ̀ ṣáá, kí ẹnu mi má baà gbẹ. Kò sí ẹnì kankan tó dárúkọ eyín fún mi. Àbí ibòmíràn ni eyín ń gbé ni?

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Sango. Ẹ wá gbọ́ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe o: omi inú ọ̀rá, píọ̀ wọ́tà, là ń ṣe. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni omi ń já bọ́ níwájú mi, tí mò ń dì í sínú àpò ńlá. Ọwọ́ mi tutù, aṣọ mi rin gbingbin, ọ̀fun mi gbẹ táútáú. Ọ̀gá tó ń bójú tó wa, ọmọkùnrin tí mo lè bí, ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu omi nídìí ẹ̀rọ, àfi lákòókò ìsinmi. Mo kúnlẹ̀ fún un, mo ṣàlàyé àìsàn mi, mo tilẹ̀ yanu kó wò ó.

"Ìyá, tí mo bá gbà fún yín, gbogbo wọn ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún. Ẹ ra súìtì kẹ́ ẹ fi sẹ́nu. Ìyẹn ò kàn mí."

Mo tún dúpẹ́! Èmi ọlọgbọ́n, mo ní ọmọ náà lójú àánú. Bí mo ṣe di onísúìtì nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń di omi a máa rà á bọ̀ láti Ilo-Awela, á rọra tì í bọ̀ mí lápò. Bí mo bá ti ń lá a, á dà bíi pé itọ́ fẹ́ padà. Kí ọdún tó yí po, eyín mi ti dúdú nídìí. Lọ́jọ́ kan mo ge búrẹ́dì jẹ, eyín iwájú dá sínú rẹ̀. Búrẹ́dì rírọ̀ o, kì í ṣe eegun!

Dókítà eyín kan ní Ọ̀tà ló tó là mí lóye. Ó ní itọ́ ló ń dáàbò bo eyín, pé níbi tí itọ́ kò sí, ṣúgà á jẹ ẹ́ tán. Mo ní kó kúkú fa àwọn tó ti bàjẹ́ yọ. Ó mi orí.

"Rárá o, Mà. Eegun àgbọ̀n tí ìtànṣán ti kàn, tá a bá fa eyín lára ẹ̀, ojú ibẹ̀ lè má jinná mọ́. Ẹ jáwọ́ nínú súìtì, kẹ́ ẹ máa mu omi."

Omi! Inú bí mi. Lọ́jọ́ kejì, níwájú ọ̀gá náà, nídìí ẹ̀rọ, mo mú ọ̀rá omi kan, mo fi eyín ẹ̀gbẹ́ já a, mo sì gbé e sẹ́nu. Ó ní kí n gbé e sílẹ̀. Mo mu ún tán. Ó ní kí n máa lọ sílé. Mo mú òmíràn, mo sì lọ.

Òwú àti bọ́tìnì ni mò ń tà fáwọn télọ̀ ní Àtàn-Ọ̀tà báyìí, omi ò sì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Eyín tó kù, à ń ṣọ́ ọ. Wọ́n máa ń bi mí bóyá iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ mi yẹn dùn mí. Kì í ṣe iṣẹ́ ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tí mo mu omi náà lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rọ wọn ò dúró, kò sẹ́ni tó tìtorí mi pa iṣẹ́ tì. Kò sí nǹkan kan tó bàjẹ́ níbẹ̀, àfi eyín mi.