Okùn Tí N Kò Jù Sókè

Ẹ wá jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrònúpìwàdà. Mo gbẹ̀san lára àbúrò ọkọ mi obìnrin, ó sì dùn mọ́ mi títí dòní.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ju obìnrin yìí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ àṣà wa: ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, àgbà ìyàwó ni, ì báà ṣe ìkókó. Aunty ni mò ń pè é, "ìyàwó" ló ń pè mí. Ní Atlanta níbí, níbi tí ẹsẹ̀ ò ti gbéni débi kankan, èmi ni mò ń wa mọ́tò lọ gbé e ní Jonesboro wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Tucker, lẹ́yìn tí mo bá ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí.

Lọ́jọ́ ìsìn ìrántí ọkọ mi, òjò rọ̀. Ní parking lot, mo tẹ eékún díẹ̀ kí i. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ìyàwó, ṣé torí pé ẹni tó mú ẹ wálé ti kú lo ṣe ń kí mi lóòró? Kúnlẹ̀ dáadáa."

Àwọn nọ́ọ̀sì tí mo kọ́ níṣẹ́ ń wò wá. Mo kúnlẹ̀ sínú omi, tèmi taṣọ ọ̀fọ̀. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni mò ń wá: kí obìnrin yẹn kúnlẹ̀ fún mi.

Ohun tí ọkọ mi ti ní lọ́kàn fún ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ni kó lọ sí Ìlú Ọba, kó gba ọkọ̀ ojú omi tóóró kan tí wọ́n ń sùn sínú rẹ̀, kó máa rìn jẹ́jẹ́ lórí odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́. Ó kú kó tó lọ. Ó sì ti bẹ̀ mí pé n ò gbọdọ̀ lọ láìmú àbúrò òun dání. Nígbà tí èmi náà fẹ̀yìn tì, a lọ.

Ọkọ̀ ò lè gun òkè. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ga, wọ́n kọ́ yàrá sójú omi, ilẹ̀kùn níwájú, ilẹ̀kùn lẹ́yìn. Ọkọ̀ á wọlé nísàlẹ̀, wọ́n á tilẹ̀kùn, wọ́n á fi irin yí ihò omi ṣí, omi á máa gbé ọkọ̀ sókè. Ẹnì kan á tukọ̀. Ẹnì kejì á dúró sí bèbè lókè, á gba okùn ọkọ̀ so mọ́lẹ̀, á sì yí irin.

Ọkùnrin tó fún wa lọ́kọ̀ ní ká yan iṣẹ́. Aunty ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìyàwó ni dírẹ́bà mi láti Atlanta. Ìyàwó ò sì lè wà lókè kí n wà nísàlẹ̀. Èmi ni màá dúró lókè."

Mo ní, "Òkè ló yẹ yín, Aunty." Mo dé fìlà ọkọ mi, mo di ìtọ́kọ̀ mú.

A dé yàrá àkọ́kọ́. Mo wà nínú kòtò, ògiri tútù ga ju orí mi lọ. Aunty yọjú láti òkè: "Ju okùn!"

Mo lè jù ú. Apá tó ti gbé aláìsàn sórí bẹ́ẹ̀dì láti ọjọ́ yìí wá, kí ni okùn? N ò jù ú. Mo fi ọ̀pá nà án sí i, mo jẹ́ kó kù díẹ̀ kó tó o lọ́wọ́.

"Ọwọ́ mi ò tó o!"

"Ẹ kúnlẹ̀, Aunty. Ẹ kúnlẹ̀ dáadáa."

Ó kúnlẹ̀ sórí òkúta, ó gba okùn. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," pẹ̀lú ohùn ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé.

Yàrá mọ́kànlá la kọjá. N ò fo ọ̀kan. Nígbà tó fi máa di ìkẹfà, ó ti wé ìborùn mọ́ eékún.

"Ìyàwó, ṣé òkè yìí ò lópin ni?"

"Ó ti ń tán, Aunty. Ẹ̀gbọ́n yín ì bá gbádùn ẹ̀ gan-an."

Ní ìkọkànlá, bàbá òyìnbó kan tó ń mú ajá ẹ̀ rìn dúró. Ó bi Aunty pé kí ló dé tí n ò ju okùn, ṣebí bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn. Orí eékún ni Aunty wà. Ó yíjú sí mi.

"O lè jù ú?"

"Mo lè jù ú. Láti ti àkọ́kọ́."

Ó wo eékún ẹ̀. "Torí ọjọ́ parking lot?"

"Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, Aunty. Ibí gbẹ."

Ó fọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde. "Jù ú." Mo jù ú. Okùn tútù bà á láyà gbì, ó kó ẹrẹ̀ bá aṣọ ẹ̀. N ò ní kó má bínú.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé ìpadàbọ̀ wa, mo dúró ṣánṣán kí i ní parking lot. Ó dá mi lóhùn. Nígbà tí à ń lọlé, iwájú ló jókòó sí.

Bí ogún ṣe pín nìyí o. Aunty jogún eékún dídùn. Ọmọbìnrin mi gba fìlà bàbá ẹ̀. Èmi jogún òòró. Ìyàwó ọmọ mi, nílé mi ní Lawrenceville, kò tíì kúnlẹ̀ fún ọmọ ilé kankan rí, Aunty sì mọ ìdí tí òun ò fi gbọdọ̀ ní kó ṣe é.