Iṣu Méjì fún Ará Lọ́ńdọ̀nù

Nígbà tí mo wà ní kékeré, nílé wa ní Ìdímù, bàlúù kì í kọjá lókè kí n má juwọ́ sí i. Bí mo bá ń fọ abọ́, màá ju kànìnkànìn sílẹ̀, màá máa pariwo "Báì-báì o!" títí ọrùn á fi máa ro mí. Abọ́ tí mo fọ́ nídìí eléyìí kò kéré, ìkúnlẹ̀ tí mo kúnlẹ̀ nítorí ẹ̀ kò sì kéré. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ta ni kò ṣe é nínú yín? Ṣùgbọ́n èmi ní ẹni tí mo ń retí. Lọ́ńdọ̀nù ni Dádì mi wà láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà.

Gbogbo ọdún Àjíǹde la máa ń lọ kí ìyá àgbà l'Adó-Èkìtì. Wákàtí mẹ́fà ni ọ̀nà. Mọ́mì á pè é pé a ti ń jáde, ìyá àgbà náà á máa wo aago. Bó bá ti ku díẹ̀ ká dé, á gbé iṣu kaná. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ la ó máa gbọ́ ìró odó. Ó ní ará ilé tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ kò gbọdọ̀ jókòó retí oúnjẹ.

Lọ́jọ́ kan mo bi Mọ́mì pé wákàtí mélòó ni bàlúù ń lò láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní mẹ́fà. Inú mi dùn kọjá sísọ. Àṣé Lọ́ńdọ̀nù kò jìn ju Adó lọ, Dádì kàn ń ṣọ̀lẹ ni.

Ní Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá, Dádì pè wá ní aago méje àárọ̀. Ó ní òun ti wọ ẹ̀wù òtútù tán, òun ti ń jáde. Ibi iṣẹ́ ló ń lọ, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án? Mo ka wákàtí mẹ́fà sórí ìka. Nígbà tí Mọ́mì lọ sí ìpàdé àwọn olùkọ́, mo bẹ iṣu méjì tí ìyá àgbà fi ránṣẹ́ fún ọdún, mo sè é, mo gún un. Kókó inú ẹ̀ tó ẹyin adìẹ. Mo fi ọ̀rá wé e, mo lọ jókòó sẹ́nu géètì.

Mọ́mì ló dé. Ó rí èèpo iṣu, mo ti na ọwọ́ sílẹ̀ de pàṣán. Ó bi mí pé ta ni mo gúnyán fún.

"Dádì ni, mà. Wọ́n ti jáde láti aago méje."

Ó jókòó sórí àpótí. Ó ní:

"Ọ̀nà kọ́ ló jìn, Dúpẹ́. Ìwé tí wọ́n fi ń gbé níbẹ̀ ni Dádì ẹ ò tíì rí gbà. Tí wọ́n bá wá báyìí, wọn ò ní lè padà síbi iṣẹ́ mọ́."

Ó fọwọ́, ó bu ọbẹ̀ àná, ó sì jẹ iyán náà tòun ti kókó rẹ̀. Èmi náà jẹ nínú ẹ̀, omijé ni mo fi ń gbé e mì.

Ọdún kọkànlá tí Dádì lọ ló tó rí ìwé gbà, tó wá. Mọ́mì ti ròyìn iyán ọjọ́ yẹn fún un. Èmi ni mo gúnyán lọ́jọ́ náà, ó sì kúnná dáadáa, ṣùgbọ́n Dádì ń fọwọ́ wá inú ẹ̀ kiri. Ó ní, "Kókó mi dà?" A rẹ́rìn-ín títí Mọ́mì fi bú sẹ́kún.

Nígbà náà, a ò mọ̀ ju ká juwọ́ lọ. Lóde òní, inú fóònù ni ọmọ mi ti ń wo bàlúù bó ṣe ń rìn. Ọ̀nà Adó gan-an ti bàjẹ́ débi pé ẹni tó ń lọ Lọ́ńdọ̀nù lè débẹ̀ kí àwa tó dé Adó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà fi hàn mí pé láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún kìlómítà ni, wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀. Mo ní ó tọ́. Mo ní ṣùgbọ́n ti bàbá rẹ̀ àgbà gba ọdún mọ́kànlá àti iṣu méjì.