Níbo Ni Abúlé Yín Wà?

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ ivoirité gba ẹnu gbogbo èèyàn ní Abidjan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ẹni tó bá kí mi ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ojúlówó ọmọ onílẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ ti ibòmíràn wá, kódà kó jẹ́ Koumassi, àdúgbò wa ní Abidjan, ni wọ́n bí i sí. Aládùúgbò wa tí a jọ ń pọnmi kò lè túmọ̀ rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ bí ìjà okùn ìsáṣọ bá dé, á ní kí àwa Anago, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, máa lọ sílé wa.

Kò tilẹ̀ yẹ kó yà wá lẹ́nu. Nílé wa náà, bí ọkùnrin bá wá tọrọ ọmọ, ìlú bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń bi í kí wọ́n tó bèèrè iṣẹ́.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń wá ní tèmi. Wọn kò ní jẹ́ kí n ṣe ìdánwò rẹ̀ láìsí certificat de nationalité, ìwé ẹ̀rí pé ọmọ orílẹ̀-èdè ni mí, ni mo bá mú bàbá mi lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gbà á kó lọ jẹ́rìí pé Koumassi ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí. Nínú wôrô-wôrô, takisí akérò tí a wọ̀ lọ, ni mo ti kìlọ̀ fún un pé ohunkóhun tí wọ́n bá bi í, Koumassi ni kó wí. Ó mi orí pé òun ti gbọ́.

Ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì rẹ́rìn-ín sí wa, ó fún bàbá mi ní àga. Ojú la rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Ó wá bèèrè bí ẹni ń ṣeré pé, "Le vieux, votre village, c'est où?" Bàbá, níbo ni abúlé yín wà?

Bàbá mi tó jẹ́ pé ìsìnkú nìkan ló ń gbé e lọ sí Èjìgbò jókòó dáadáa. Ó ní Èjìgbò ni, ní Nàìjíríà, ó sì júwe agboolé wa títí dé ẹ̀gbẹ́ ààfin. Ọkùnrin náà tún rẹ́rìn-ín, ó kó àwọn ìwé mi jọ, ó tì wọ́n padà sí mi.

Inú bí mi débi pé mo ń yára rìn ṣíwájú bàbá mi títí mo fi dé ibi tí a ti ń wọkọ̀. Ibẹ̀ ló ti bá mi.

"Ṣé o fẹ́ kí n wí lójú ayé pé n kò nílé bàbá ni? Ọmọ àlè ló ń dáhùn bẹ́ẹ̀."

N kò ṣe ìdánwò náà. Dòní, bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè abúlé mi, Koumassi ni mò ń wí kíá, màá sì wo ojú rẹ̀, bóyá ó ń pè mí lọ́mọ àlè nínú ọkàn rẹ̀.