Ọjọ́ tí Clem Jẹ́ Kí N Nà Án ní Lúdò

Ẹ má bá mi sọ pé eré ọmọdé ni lúdò o! Nínú ọkọ̀ abẹ́ omi tiwa, ẹni tó bá ṣàánú ẹnìkejì nídìí lúdò, ó bú u nìyẹn. Ọdún mọ́kànlá ni Clem Ruddock fi nà mí, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́ rí. "Tam, ṣé ojú ẹ ń fọ́ ni? Ọmọ ẹ kan ṣoṣo ló kù, mo sì ń bọ̀ wá pa á!"

Ìlú Barrow ni wọ́n bí Clem sí, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń jó irin ọkọ̀ abẹ́ omi pọ̀. Iṣẹ́ rédíò lòun ń ṣe: ohun tí ará ilé bá fi ránṣẹ́ sí wa, ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń rí i. Tá a bá wà nísinmi, ilé ìyá mi ní Dunoon ló máa ń yà sí. Ìyá mi a sì ní ìbejì lòun bí láìmọ̀.

Ogójì ọ̀rọ̀ péré ni ará ilé lè kọ lọ́sẹ̀. Àwa ò gbọ́dọ̀ fèsì, kí ọ̀tá má baà mọ ibi tá a lúgọ sí. Ká tó kúrò ní èbúté wa ní Faslane, oníkálukú á fọwọ́ síwèé: bí èèyàn ẹ bá kú nílé, ṣé ká sọ fún ẹ, àbí ká dákẹ́ títí a ó fi padà? Èmi ọkùnrin ogun, mo ní kí wọ́n dákẹ́. Rhona ìyàwó mi wà nínú oyún oṣù karùn-ún nígbà yẹn, oyún méjì sì ti bàjẹ́ lára rẹ̀ ṣáájú.

Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ kẹta, Clem jókòó tì mí nídìí lúdò, kò bú mi. Ọmọ lúdò mi wà níwájú tirẹ̀ kedere, kó pa á ló kù, ó gbé tirẹ̀ kọjá. Mo nà án.

"Clem, ta ló kú?"

"Kí ló ń ṣe ẹ́? Ta dáìsì, jàre."

"Bí kò bá sẹ́ni tó kú, ó yá, nà mí!"

Ó mú dáìsì, ó tún gbé e kalẹ̀. Kò lè nà mí.

"Tam, mo bẹ̀ ẹ́. Ìwọ lo fọwọ́ síwèé. Èmi náà fọwọ́ sí tèmi, pé n kò ní tú àṣírí ìwé ẹnikẹ́ni."

Láti ọjọ́ yẹn, ìwé kankan láti ilé ò tẹ̀ mí lọ́wọ́ mọ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko! Ibo lèèyàn fẹ́ sá sí nínú irin lábẹ́ òkun? Mo pe Clem ní ọ̀dàlẹ̀. Mo tiẹ̀ fún un lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan, ó kàn ń wò mí. Tí mo bá dùbúlẹ̀, Rhona ni mò ń sin lójú ara mi, àtòun àti ọmọ inú ẹ̀.

Ọjọ́ tá a léfòó, ọ̀gá ọkọ̀ pè mí. Clem dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Tam McCaig, ìyá rẹ ni. Àrùn ọkàn ló pa á."

"Rhona ńkọ́?"

"Ó wà, oyún náà wà. Gbogbo ìwé tó kọ ló ń dárúkọ òkú, ìdí tí mo fi dì wọ́n mú nìyẹn."

Àní mo bú sẹ́rìn-ín! "Ọlọ́run, o ṣé o! Ìyá mi ni! O ṣé o!"

Ẹnu tí obìnrin yẹn fún lọ́mú ni mo fi dúpẹ́ ikú rẹ̀. Clem ló ń sunkún rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.