Òdòdó Alága Lórí Omi Kánáàlì

Ajah ni Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ̀dé ń gbé, nínú Ẹ́sítéètì Abraham Adésànyà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í, Lẹ́kkí ni yóò wí. Ọ̀gá báńkì tó ti fẹ̀yìn tì ni. Nígbà tí àwọn onílé fi í jẹ alága, igbó ẹ̀yìn ẹ́sítéètì ló kọ́kọ́ dojú kọ, ilẹ̀ tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kánáàlì, níbi tí àwọn ọ̀bọ ti ń gba orí igi kọjá láti àbàtà kan sí èkejì.

Ó ní, "Ẹ wo ìdọ̀tí! Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, òdòdó ni wọ́n ń rí láti ojú fèrèsé."

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló lọ kí Fẹ́mi ọmọ rẹ̀ lókè òkun o.

Ó ní kí wọ́n gé àwọn igi náà. Lẹ́yìn náà ló lọ bu ewéko kan tó ń léfòó lórí ọ̀sà, tó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò, ó dà á sínú kánáàlì.

Adétutù ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Fẹ́mi, ṣé kì í ṣe èyí tó ń há ọkọ̀ àwọn apẹja mọ́lẹ̀ nìyí? Wọ́n ní kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí, òkèèrè ló ti wá."

"Òkèèrè?" Ìfẹ́ òdòdó náà tún wọ̀ ọ́ lára sí i.

Kó tó di ìgbà òjò, ewéko náà ti bo omi bí ẹní. Alága ń ya fọ́tò, ó ń fi í sórí Wáásáàpù, àwọn onílé ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀fọn náà ń kọrin.

Òjò ńlá dé. Omi ò rọ́nà lọ, ó yà sí pálọ̀ alága. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ti alága kọjá títẹ̀, omi mù ún dé orúnkún. Àwọn ọ̀bọ tí ò rígi gùn mọ́ bá ń gba orí ògiri rẹ̀. Ọ̀kan jókòó sórí jẹnẹrétọ̀, ó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ Adétutù jẹ, ó ń wo baálé ilé bíi pé àlejò ni.

Nípàdé, Lateef tó ń gbé ní òdìkejì béèrè pé, "Alága, ta ló kó nǹkan yìí wá?"

Akínbọ̀dé tún táì rẹ̀ ṣe. "Ọ̀rọ̀ àyípadà ojú ọjọ́ ni. Kárí ayé ló ti ń ṣẹlẹ̀."

Gbogbo wọn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n, ta ni yóò sọ pé òun ò gbọ́ nípa ojú ọjọ́?

Adétutù bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ó wọ bàtà rọ́bà, ó ń fi réèkì wọ́ ewéko náà jáde. Lateef àti àwọn aládùúgbò bá a dá sí i, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Alága ya fọ́tò wọn láti orí bákónì, ó kọ ọ́ sí Wáásáàpù pé: "Iṣẹ́ tí mo ń darí."

Ìpàtẹ́wọ́ tó gbà lọ́jọ́ náà ju ti òdòdó lọ.