Ìwé Tí Mo Fi Ṣọ́ Oyún

Dókítà ní kí n má dìde bí kò ṣe pé mo fẹ́ lọ tọ̀. Ìrun gan-an, ìjókòó ni mo ń kí i. Oyún méjì ti bàjẹ́ mọ́ mi lára kí eléyìí tó dé, nítorí náà n kò bá a jiyàn. Mo dùbúlẹ̀ sí yàrá wa ní Adéwọlé, ẹ̀rù dùbúlẹ̀ tì mí. Kí n má baà ya wèrè, mo ní kí ọkọ mi máa ra ìwé bọ̀ láti Tanke tó ti ń ṣiṣẹ́.

Ohun tó bá ṣáà ti rí ló ń rà. Ìwé ìfẹ́ ló kọ́kọ́ gbé dé. Ọmọbìnrin inú rẹ̀ sunkún títí ìwé fi parí nítorí ọkùnrin tí kò níláárí. Tìbínútìbínú ni mo fi kà á tán. Ẹni tí ẹ̀rù gidi ń bà, ibo ló ti fẹ́ ráyè irú ẹkún yẹn? Ó tún ra èyí tó dá lórí adìyẹ sísìn. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, mo gbádùn rẹ̀, àfi ìgbà tí mo dé ibi ẹyin tí kò di ọmọ. Mo pa á dé, n kò lè jẹun mọ́ lọ́jọ́ náà. Ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò tiẹ̀ mú mi, mo ti mọ apànìyàn náà kí wọ́n tó sin òkú.

Ti iwin ló wá wọ̀ mí lára. Ìwé Yorùbá ni, obìnrin kan ń gbọ́ ìrìn ẹsẹ̀ lókè àjà ilé rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé ìgbà tí ìró ẹsẹ̀ bá dákẹ́ lẹ̀rù ń bani jù. Ìyá ọkọ mi, tó wá tọ́jú mi, bá mi níbi tí mo ti ń gbọ̀n. Ìwé kéwú nìkan ló mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n àwòrán ẹ̀yìn ìwé náà ti tó o. Ó gbà á lọ́wọ́ mi.

"Ìyàwó, ọmọ ń gbọ́ o."

Inú bí mi, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ṣàkíyèsí pé ọmọ kò tíì sọ nínú mi láti àárọ̀. Mo mu omi tútù, mo yíra padà, mo rọra fọwọ́ gbá ikùn. Kò sí nǹkan kan. Wàláì, igbe ni mo fi bọnu. Ìyá ọkọ mi pe ọkọ mi pé kó máa gbé mọ́tò bọ̀ kíá. A wá jókòó, à ń retí rẹ̀. Tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ màmá, ṣùgbọ́n kò lè fi ṣe àdúrà. Kó tó di ọjọ́ náà, n kò rí ẹ̀rù lójú rẹ̀ rí. Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀, ó gbé ìwé iwin yẹn jáde, ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Kà á sókè. Ó ń gbọ́."

Mo kà á láti ibi tí mo ti dúró. Obìnrin inú ìwé náà gbé àkàbà, ó ń gun òkè àjà lọ. Bó ṣe nawọ́ sí ilẹ̀kùn ni ọmọ fẹsẹ̀ ta mí. Màmá rí i tí aṣọ mi mì, ó bú sẹ́kún.

Nígbà tí ọkọ mi dé, a ṣì lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní ọmọ wà dáadáa, kí n ṣì máa dùbúlẹ̀.

Orí kan ló kù nínú ìwé náà. Ojoojúmọ́ ni màmá ń béèrè ẹni tó wà lókè àjà. Mo ní ká fi í sílẹ̀ ná títí ọmọ yóò fi wà lọ́wọ́ wa. Tó bá tún dákẹ́, kí ni mo fẹ́ kà fún un?